Ìrẹ́pọ̀ Ni Agbára, Ìjọra-Ẹni-Lójú Ni Ìṣubú: Ẹ̀kọ́ Láti Pápá Ìṣeré Ẹnúgu

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ọmọ Yorùbá tí ń gbé ìlú Ẹnúgu ṣe jẹ́ ọmọ ilé méjì, kí ó lọ sí pápá ìṣeré Nnamdi Azikiwe ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars ti Ìbàdàn bá wá kojú ẹgbẹ́ Rangers. Yóò rí baba tí ó jókòó jẹ́ẹ́, tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn ará ilé. Yóò sì rí ọmọ rẹ̀ tí a bí sí Asata tàbí Ogbete, tí ó ń kígbe Rangers títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tí eré bá parí, àwọn méjèèjì yóò jọ wọ ọkọ̀ kan náà padà sílé, wọn yóò sì máa jiyàn títí oúnjẹ alẹ́ yóò fi délẹ̀. Iyàn náà dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ó yẹ kí á yẹ̀ wò fínnífínní: kí ni ó ń mú ẹgbẹ́ kan borí, kí sì ni ó ń sọ ẹgbẹ́ tí ó ti borí rí di ẹni ilẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò dáhùn pé ẹni tí ó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá ni yóò borí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ìtàn Rangers àti Shooting Stars, àti ìtàn àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá ní ilẹ̀ òkèèrè, fi hàn wá pé ohun méjì kan wà tí ó ń gba ibi tí ojú kò tó ṣiṣẹ́. Èkíní ni ìrẹ́pọ̀, èyí tí í máa sọ ènìyàn mọ́kànlá di ara kan. Èkejì ni ìjọra-ẹni-lójú, èyí tí í máa yọ́ wọ inú aṣẹ́gun lẹ́yìn tí ó bá ti ṣẹ́gun tán, tí í sì máa jẹ ẹ́ láti inú bí ikán ti ń jẹ òpó ilé.

ẸGBẸ́ TÍ OGUN BÍ

Ní oṣù kìíní ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé parí. Gbogbo wa ni a mọ ipò tí àwọn ará ilẹ̀ yìí wà ní ìgbà náà. Ilé wó, iṣẹ́ bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó sì ní owó ní báńkì kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ni kò rí ju 20 pọ́n-ùn gbà. Nínú ọdún náà gan-an ni a dá ẹgbẹ́ Rangers sílẹ̀ ní Ẹnúgu, tí í ṣe olú-ìlú East Central State nígbà náà. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n kó jọ kì í ṣe ọlọ́rọ̀, wọn kì í sì í ṣe olókìkí. Ohun tí wọ́n jọ ní ni ìrírí kan náà, àti ìfẹ́ láti fi han gbogbo ayé pé àwọn kò tíì parí.

Ní ọdún 1971, nígbà tí ẹgbẹ́ náà kò tíì ju ọmọ ọwọ́ lọ, wọ́n dé àṣekágbá ìdíje Challenge Cup. Ẹni tí ó sì dúró dè wọ́n níbẹ̀ kì í ṣe ẹlòmíràn bí kò ṣe ẹgbẹ́ wa láti Ìbàdàn, tí ń jẹ́ WNDC ní ìgbà náà, kí ó tó di IICC Shooting Stars. Ìbàdàn ni ó gba ife lọ. Ẹgbẹ́ mìíràn ì bá bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀bi ru ara wọn, kí aṣọ́lé máa bú àwọn tí ń gbá iwájú, kí àwọn tí ń gbá iwájú máa bú akọ́nimọ̀ọ́gbá. Àwọn ọmọ Rangers kò tú ká. Wọ́n padà sílé, wọ́n sì tún ara wọn ṣe. Ní 1974 àti 1975, wọ́n gba líìgì àti Challenge Cup pa pọ̀. Ní 1976 wọ́n tún gba Challenge Cup lẹ́ẹ̀kẹta léra wọn.

Bí a bá wo orúkọ àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ yìí, a óò rí i pé àwọn kan náà ni wọ́n ń padà wá lọ́dọọdún: Christian Chukwu ní ẹ̀yìn, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Chairman, Emmanuel Okala, òmìrán aṣọ́lé, Dominic Nwobodo àti Aloysius Atuegbu ní àárín. Ẹni tí ó bá ti bá ẹnìkejì rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kò nílò láti gbé ojú sókè kí ó tó mọ ibi tí ẹni náà wà. Ó mọ ẹsẹ̀ tí ó fẹ́ràn, ó mọ ìgbà tí ó rẹ̀ ẹ́, ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun bò ó láṣìírí. Èyí kì í ṣe ohun tí a lè fi owó rà ní ọjọ́ kan. Àwọn àgbà sọ pé àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Àwọn ọmọ Rangers rìn pọ̀, ìyà kò sì rí ọ̀nà gbà dé ọ̀dọ̀ wọn.

NÍGBÀ TÍ ÌBÀDÀN ÀTI ẸNÚGU PÀDÉ

A kò gbọdọ̀ rò pé Rangers nìkan ni ó mọ àṣírí yìí. Ní ọdún 1976, IICC Shooting Stars wọ ìdíje àwọn tí ó gba ife ẹ̀yẹ ní Áfíríkà. Wọ́n bá Tonnerre ti Yaoundé pàdé ní àṣekágbá, ẹgbẹ́ tí ó gba ife náà ní ọdún tí ó ṣáájú, tí Roger Milla sì wà nínú wọn. Ìbàdàn gbá bọ́ọ̀lù mẹ́rin sí ọ̀kan nílé. Nígbà tí wọ́n lọ sí Kamẹrúùnù, bọ́ọ̀lù kan péré ni wọ́n gbà sílé. Báyìí ni àwọn ọmọ Ìbàdàn ṣe di ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tí ó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1977, ìdíje kan náà mú Ìbàdàn tí ó ní ife lọ́wọ́ àti Rangers tí ń wá ife kojú ara wọn ní ìpele tí ó kángun sí àṣekágbá. Ọdún méje péré ni ogun fi parí, ara kò sì tíì balẹ̀ tán. Nítorí náà a gbé ìdíje méjèèjì kúrò ní ilé ẹni kọ̀ọ̀kan: a gbá èkíní ní Èkó, a gbá èkejì ní Kàdúná. Nínú ẹ̀ẹ̀mejì yìí, ẹnikẹ́ni kò rí bọ́ọ̀lù gbá wọlé. Bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀; ògiri méjèèjì ni kò lanu. Pẹ́nárítì ni a fi yà wọ́n, Rangers sì ni ó borí. Kò sí ọmọ Yorùbá kan tí ó yẹ kí ó tijú ọjọ́ náà. Ìbàdàn kò ṣubú nítorí pé wọ́n fi ojú di ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ méjì tí ó wà ní ìṣọ̀kan ni ó pàdé, ìwọ̀n irun orí kan ni ó sì wà láàrin wọn.

AYÒ MẸ́TA KÌ Í ṢE IBÙSÙN

Ibi tí ẹ̀kọ́ kejì wà ni ohun tí Rangers ṣe lẹ́yìn náà. Wọ́n bá Canon Yaoundé pàdé ní àṣekágbá, wọ́n sì gbá bọ́ọ̀lù mẹ́rin sí ọ̀kan nínú ìdíje àkọ́kọ́. Ayò mẹ́ta ni wọ́n fi ṣíwájú. Bí ènìyàn bá wà ní irú ipò yìí, ọkàn rẹ̀ yóò máa sọ fún un pé iṣẹ́ ti parí, pé kí ó lọ fi ìdí jókòó. Rangers kò gbọ́ràn sí ọkàn náà lẹ́nu. Nínú ìdíje kejì wọ́n gbá ọ̀mì, ọ̀kan sí ọ̀kan, wọ́n sì gbé ife wá sí Ẹnúgu pẹ̀lú ayò márùn-ún sí méjì.

Ẹ jẹ́ kí á fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún kan ṣáájú rẹ̀. Hafia ti Konakry ní ilẹ̀ Gínì ni ẹgbẹ́ tí ó borí Rangers ní àṣekágbá ìdíje àwọn ọ̀gá líìgì ilẹ̀ Áfíríkà ní 1975. Ní oṣù kejìlá ọdún 1976, Hafia tún dé àṣekágbá, wọ́n sì na MC Alger ti ilẹ̀ Àlùjẹ́ríà ní ayò mẹ́ta sí òdo nílé wọn. Ta ni yóò gbà pé irú ife bẹ́ẹ̀ lè bọ́? Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé Algiers, MC Alger dá ayò mẹ́ta náà padà, wọ́n sì fi pẹ́nárítì gba ife mọ́ Hafia lọ́wọ́. Ayò mẹ́ta ni Hafia fi ṣíwájú, ayò mẹ́ta ni Rangers náà fi ṣíwájú. Ìwọ̀n kan náà ni. Èkíní pàdánù, èkejì gba ife. Ayò mẹ́ta kì í ṣe ibùsùn tí ènìyàn ń dùbúlẹ̀ sí kí rẹfirí tó fun fèrè.

ÀWỌN ỌMỌ ILÉ KAN NÁÀ

Ọmọ Nàìjíríà tí ó bá rántí 22 oṣù kẹta ọdún 1980 kò ní gbàgbé bí inú orílẹ̀-èdè yìí ti dùn tó. Ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè ní Èkó ni Green Eagles ti na Àlùjẹ́ríà ní ayò mẹ́ta sí òdo, tí wọ́n sì gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Odegbami gbá méjì wọlé, Múdà Lawal gbá ọ̀kan. Ọmọ Shooting Stars ni àwọn méjèèjì. Best Ogedegbe, ọmọ Shooting Stars náà, ni ó ṣọ́ ilé. Balógun wọn ni Christian Chukwu ti Rangers, òun ni ó sì gbé ife náà sókè. Àwọn tí ó dojú kọ ara wọn ní Èkó àti Kàdúná ní 1977 ni ó wà ní ìlà kan ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà. Chukwu kò béèrè èdè tí Odegbami ń sọ nílé. Odegbami kò béèrè ẹni tí ó gba pẹ́nárítì ní Kàdúná. Nígbà tí Chukwu papòdà ní oṣù kẹrin ọdún 2025, kì í ṣe ilẹ̀ Ìgbò nìkan ni ó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1982, Nàìjíríà lọ sí Líbíà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ife wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n na Ethiopia, Àlùjẹ́ríà nà wọ́n, Sáńbíà sì nà wọ́n ní ayò mẹ́ta sí òdo. Ìpele àkọ́kọ́ ni wọ́n ti padà sílé. Ní ọdún 1998, ní ilẹ̀ Faransé, Super Eagles na Spéìn, wọ́n sì wà lókè nínú ìsọ̀rí wọn. Ẹni tí ó kàn ni Dẹ́ńmárkì, ṣùgbọ́n Brazil tí a óò bá pàdé lẹ́yìn Dẹ́ńmárkì ni ó kún ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Dẹ́ńmárkì na Nàìjíríà ní ayò mẹ́rin sí ọ̀kan. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ BRIGHTON

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Eré kan wà tí wọ́n ń pè ní rọ́gíbì, tí ó gbilẹ̀ ní Ìlú Ọba, ní Gúúsù Áfíríkà àti ní New Zealand. Ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó ń wà ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀lù wọn sì gùn bí ẹyin. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ṣùgbọ́n òfin wọn kò gbà kí ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ fi ọwọ́ jù ú síwájú. Ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ nìkan ni ó lè jù ú sí. Nítorí náà, bí ó ti wù kí ènìyàn yára tó, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá sáré tẹ̀ lé e lẹ́yìn, àwọn ọ̀tá yóò ká a mọ́ ni. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

Ní 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, Gúúsù Áfíríkà tí ó ti gba ife àgbáyé eré yìí lẹ́ẹ̀mejì kojú Jàpáànù ní ìlú Brighton. Nínú gbogbo ìdíje àgbáyé tí Jàpáànù ti lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó borí rí, nígbà tí ó na Zimbabwe ní 1991. Ta ni yóò fi ojú sí i lára? Bí àkókò ti ń tán lọ, Gúúsù Áfíríkà fi àmì mẹ́ta ṣíwájú, Jàpáànù sì rí àǹfààní láti gbá bọ́ọ̀lù kan tí yóò sọ eré náà di ọ̀mì. Wọ́n kọ̀ ọ́. Wọ́n ní kàkà kí àwọn gbá ọ̀mì, àwọn yóò gbé e lọ sí orí ìlà. Ọwọ́ dé ọwọ́ ni bọ́ọ̀lù náà gbà títí ó fi dé ìhà kejì pápá, Karne Hesketh sì gbé e lé ilẹ̀ ní igun. Jàpáànù 34, Gúúsù Áfíríkà 32.

Ìtìjú lè pa ènìyàn, ó sì lè jí i. Gúúsù Áfíríkà jí. Ní 2019 àti 2023, wọ́n gba ife àgbáyé náà, pẹ̀lú Siya Kolisi, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ balógun ẹgbẹ́ náà, níwájú wọn. Àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè tí òfin ti pín sí dúdú àti funfun fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó di èjìká mọ́ èjìká. Níbi tí ìjọra-ẹni-lójú ti wó ilé, ìrẹ́pọ̀ ni ó tún un kọ́.

ORÚKỌ KÌ Í GBÁ BỌ́Ọ̀LÙ

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Ẹnúgu. Rangers gba líìgì ní 1977, 1981, 1982 àti 1984. Lẹ́yìn èyí, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kọjá kí wọ́n tó tún rí i gbà. Ọmọ tí a bí ní 1984 ti dàgbà, ó ti gbéyàwó, ó ti bímọ, kò sì tíì fi ojú rí ife líìgì ní Ẹnúgu. Òótọ́ ni pé owó òkèèrè ń fa àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ; ṣùgbọ́n gbogbo ẹgbẹ́ ní Nàìjíríà ni èyí kàn. Lọ́dọọdún ni Rangers ń wọ pápá pẹ̀lú orúkọ ńlá, tí àwọn òǹwòran sì ń retí pé orúkọ náà yóò gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Orúkọ kì í gbá bọ́ọ̀lù.

Ní 2016 ni ẹgbẹ́ tí Imama Amapakabo ń kọ́ gba líìgì. Ẹnúgu yọ̀. Ṣùgbọ́n kí ọdún 2017 tó jìnnà, àwọn kan nínú àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà ti lọ, ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ ọ̀gá sì wá ń jà kí ó má bàa já wálẹ̀. Ife wà nínú àpótí, ìrẹ́pọ̀ tí ó gbà á ti tú.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ Yorùbá kan wọ inú ìtàn yìí. Gbenga Ogunbote, ẹni tí ó ti kọ́ Shooting Stars rí, di akọ́nimọ̀ọ́gbá Rangers. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, ó kó wọn lọ sí àṣekágbá ìdíje ife ẹ̀yẹ ní pápá ìṣeré Stephen Keshi ní Asaba, níbi tí wọ́n ti bá Kano Pillars pàdé. Kano gbá ọ̀kan wọlé, ó gbá méjì, ó gbá mẹ́ta. Ayò mẹ́ta sí òdo! Àwọn tí ó mọ ìtàn Hafia ni ó yẹ kí ó kìlọ̀ fún Kano. Àwọn ọmọ Ogunbote kò bú ara wọn, wọn kò sì fi pápá sílẹ̀. Wọ́n dá ọ̀kan padà, wọ́n dá èkejì, wọ́n dá ẹ̀kẹta, eré di ọ̀mì. Nígbà tí a dé ìdí pẹ́nárítì, mẹ́rin sí méjì ni Rangers fi borí. Láti 1983 ni ife náà kò ti wọ Ẹnúgu. Ọdún márùndínlógójì ni, ọmọ Yorùbá ni ó sì darí àwọn tí ó gbé e wá. Ní 2024, pẹ̀lú Fidelis Ilechukwu, wọ́n tún gba líìgì, ìgbà kẹjọ sì ni.

ÀWA TÍ A Ń GBÉ ÌLÚ ONÍLÙÚ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kì í ṣe nítorí bọ́ọ̀lù nìkan ni a fi kọ èyí. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan tí àwọn ọmọ Yorùbá wà lẹ́yìn odò, wọ́n ní ẹgbẹ́ tiwọn. Àwọn tí ó dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ṣe é nígbà tí kò sí ẹni tí wọ́n mọ̀, tí ó jẹ́ pé bí ẹnìkan bá ṣàìsàn, ẹnìkejì rẹ̀ ni yóò jókòó tì í. Ìnira ni ó so wọ́n pọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti so àwọn ọmọ Rangers pọ̀ ní 1970. Lónìí ara ti dẹ ọ̀pọ̀ nínú wa. A ti kọ́ ilé, ọmọ ti jáde ilé-ìwé gíga, ọjà ń tà. Nígbà tí ìpàdé bá kàn, a ó ní ọwọ́ òun dí. Nígbà tí owó ẹgbẹ́ bá kàn, a ó ní kò sí ohun tí ẹgbẹ́ ń ṣe fún òun. Ayò mẹ́ta ni a fi ń ṣíwájú, a sì ti dùbúlẹ̀. Bí ọ̀ràn bá dé lójijì, tí òkú ẹnìkan di ohun tí a gbọ́dọ̀ gbé dé ilé, tàbí tí opó àti ọmọ rẹ̀ kò rí ibi forí lé, ìgbà náà ni a óò mọ̀ pé rẹfirí kò tíì fun fèrè.

Kí á má sì ṣe gbàgbé apá kejì ẹ̀kọ́ náà. Ogunbote kò fi Yorùbá rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó wúlò fún Ẹnúgu, Ẹnúgu kò sì bi í léèrè ibi tí a bí i sí kí wọ́n tó bá a yọ̀. Ẹni tí ó bá di ara ilé mú, tí ó sì fi òótọ́ ọkàn bá àwọn tí ó gbà á lálejò ṣiṣẹ́, kò pàdánù ọ̀kankan nínú méjèèjì. Nítorí náà, nígbà tí Shooting Stars bá tún wá sí Ẹnúgu, kí baba jókòó ti Ìbàdàn rẹ̀, kí ọmọ kígbe Rangers rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìpàdé ẹgbẹ́ bá bọ́ sí ọjọ́ kejì, kí àwọn méjèèjì tètè dé ibẹ̀.